Ẹ Fún QC Láṣẹ Láti Dá Ẹ̀rọ Dúró

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Láti Abẹ́òkúta la ti ń kọ lẹ́tà yìí, lórí ọ̀rọ̀ omi inú ọ̀rá tí tọmọdé tàgbà ń mu láti Láfẹ́ńwá dé Ọbántokò. Bí ẹnìkan bá rí ohun tó ń léfòó nínú píọ̀ wọ́tà, tàbí tí báàgì kan bá jò sínú búùtù ọkọ̀ rẹ̀, ohun tó máa ń sọ ni pé, "Ṣé kò sẹ́ni tó ń yẹ omi yìí wò ni?" Ẹni náà wà. QC ni gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè é. Nínú ìwé ìgbanisíṣẹ́, wọ́n á kọ ọ́ pé alámòójútó ìjójúlówó ọjà. Iṣẹ́ yẹn là ń ṣe. A fẹ́ kí àwọn tó ń mu omi, àti ní pàtàkì àwọn tó ni iléeṣẹ́, mọ ohun tó ń dí wa lọ́wọ́. Olórí rẹ̀ ni pé ní iléeṣẹ́ púpọ̀, ẹni tó mọ̀ pé omi òní kò dára kò láṣẹ láti sọ pé kí wọ́n pa ẹ̀rọ.

Ká ti ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìlú abẹ́ àpáta ni ìlú wa, àpáta náà kò sì parí sí Olúmọ. Ó wà lábẹ́ ilé púpọ̀. Omi bóòhóòlù tí a ń fà, ibi tí àpáta ti lanu ló ń gbé, àti inú ilẹ̀ rírọ̀ tó wà lórí àpáta. Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá mú, tí omi bá lọ sílẹ̀, pọ́ǹpù á bẹ̀rẹ̀ sí í fa iyanrìn wẹ́wẹ́. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá tún rọ̀, omi á rú. Ìlànà Nàìjíríà fún omi mímu, èyí tí wọ́n ń pè ní NIS 554, kò fẹ́ kí rírú omi kọjá 5 lórí òṣùwọ̀n rírú omi tí wọ́n ń pè ní NTU. Kò fẹ́ kí irin inú rẹ̀ ju 0.3 mílígíráàmù lọ nínú lítà kan, ó ní kí pH, ìyẹn ìwọ̀n kíkan omi, wà láàárín 6.5 sí 8.5, kò sì gba E. coli, kòkòrò tó ń ti inú ìgbẹ́ wá, kan ṣoṣo láàyè nínú 100 mílílítà. Ìlànà yìí kò mọ ẹ̀ẹ̀rùn, kò mọ òjò. Àmọ́ ètò tí wọ́n fi ń fọ àsẹ́ iyanrìn ní ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́, ọjọ́ kan náà ni yípo ọdún: lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, bóyá omi rú, bóyá kò rú. Ìgbà tí ó yẹ ká fọ àsẹ́ lọ́jọ́ méjì-méjì gan-an ni wọ́n máa ń ní ká fi sílẹ̀, torí pé omi tí a fi ń fọ̀ ọ́, tí a ń dá padà láti ìsàlẹ̀ wá sókè fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún títí yóò fi mọ́, omi náà ni àwọn tó ń darí iṣẹ́ fẹ́ sọ di báàgì. A mọ̀ pé omi ṣọ̀wọ́n lásìkò náà. Ṣùgbọ́n àsẹ́ tí a kò fọ̀ á dí, omi á wá ọ̀nà gba ẹ̀gbẹ́ iyanrìn kọjá, ìdọ̀tí á sì di ẹrù àsẹ́ kékeré tó wà níwájú, èyí tó wọ́n jù.

Lórí àsẹ́ kékeré yẹn náà, ẹ wo gééjì méjèèjì tó ń wọn agbára tí omi fi ń tì, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn. Bí ìyàtọ̀ wọn bá ti ń sún mọ́ 15 psi, ó ti tó pààrọ̀. Kíka oṣù kò lè sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni fífi ojú wo funfun ara rẹ̀ kò lè sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ kílórììnì, oògùn tó ń pa kòkòrò inú omi, ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Bí táǹkì bá gba 10,000 lítà, tí a sì fẹ́ mílígíráàmù 2 nínú lítà kọ̀ọ̀kan, gíráàmù 20 kílórììnì ni táǹkì náà ń fẹ́. Ẹ̀tù kílórììnì tí wọ́n ń tà lọ́jà kì í ṣe kílórììnì látòkèdélẹ̀. Bí wọ́n bá kọ 65% sára ike rẹ̀, gíráàmù 31 la máa wọ̀n. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n á ní kí ẹnìkan bu ìkúnwọ́ méjì sínú bákẹ́ẹ̀tì, kó pò ó, kó dà á sí i. Ìkúnwọ́ ta ni? Ike ẹ̀tù náà lè ti wà ní ṣíṣí nínú ooru láti oṣù méjì, kí agbára rẹ̀ sì ti bá afẹ́fẹ́ lọ. Irin inú omi sì máa ń jẹ nínú kílórììnì náà kó tó kan kòkòrò. Nítorí náà, iye tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni ká gbójú lé, ká gbàgbé iye tí a dà sí i. Hóró oògùn DPD kan nínú mílílítà 10 omi, ká mì í, ká fi àwọ̀ rẹ̀ wé ti ara páálí: kò gba ìṣẹ́jú méjì. Bí omi náà kò bá yí sí pupa fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ rárá, kò sí ohun tó kù nínú rẹ̀ tó lè pa kòkòrò, a óò sì ní láti dá táǹkì náà dúró. Ibẹ̀ ni QC ti máa ń dá nìkan wà, torí ọkọ̀ akérò ọjà ti wà lẹ́nu géètì.

Láti ibẹ̀, omi á gba inú àsẹ́ eléèédú kọjá. Àsẹ́ yìí ló ń mú òórùn kúrò kí omi lè dùn lẹ́nu, ó sì ń mú kílórììnì kúrò pẹ̀lú. Ó tó kí àwọn ọ̀gá mọ èyí dájú: láti ẹ̀yìn èédú lọ, omi náà ti di ọmọ òrukàn. Kò ní ààbò kankan mọ́. Páìpù, táǹkì kékeré orí ẹ̀rọ, ọwọ́ ẹni tó ń tún ẹnu ẹ̀rọ ṣe, gbogbo ohun tó bá fara kàn án lè kó kòkòrò ràn án. Èédú fúnra rẹ̀, bó bá pẹ́ jù, á di ilé fún kòkòrò.

Iná UV nìkan ló wá kù tí a gbójú lé. Gílóòbù rẹ̀ máa ń lo bí 9,000 wákàtí, bí ọdún kan nìyẹn tí a kò bá pa á. Lẹ́yìn èyí yóò ṣì máa tàn, àwọ̀ búlúù rẹ̀ yóò ṣì máa dán, ṣùgbọ́n ìtànṣán tó ń pa kòkòrò ti rọ. Ìdí nìyẹn tí ìwé tí a fi ń béèrè owó gílóòbù tuntun fi máa ń padà wá pẹ̀lú èsì kan náà: "Ṣebí ó ṣì ń tàn." Ẹ jẹ́ kí wákàtí tó ti lò wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí gbogbo ojú máa rí i. Ìgò gbọọrọ tó bo gílóòbù náà tún ń fẹ́ ìtọ́jú. Irin inú omi máa ń lẹ̀ mọ́ ọn bí àwọ̀ tíì ṣe ń lẹ̀ mọ́ ìdí kọ́ọ̀pù, ìtànṣán kò sì lè gba inú rẹ̀ kọjá. Aṣọ rírọ̀ àti fínígà lóṣooṣù tó láti nù ún.

Gbogbo èyí, oníbàárà kò rí i. Jíjò ló ń rí. Ibi tí ọ̀rá ti jò máa ń sọ ohun tó fà á, bí ẹni tó ń wò ó bá farabalẹ̀. Bí ó bá jò lórí tàbí nídìí, níbi tí irin gbígbóná ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀ ní ìbú, ooru irin náà la máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò, lẹ́yìn náà téépù Teflon tó bò ó, lẹ́yìn náà rọ́bà tó dojú kọ ọ́. Téépù tó bá ti jóná lójú kan á fi ihò sílẹ̀ lójú kan náà lára gbogbo ọ̀rá. Ẹ to mẹ́wàá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: bí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bá ń jò níbi tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà méjì sí etí ọ̀tún, téépù ni, ọwọ́ òṣìṣẹ́ mọ́. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yìn ló ti jò, níbi tí ìlà ti gba òró lọ, róòlù ọ̀rá ti yẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀, etí kan kò bá ìkejì mọ́. Ihò abẹ́rẹ́ láàárín ara ọ̀rá ní tirẹ̀ ń fẹ́ ká wá ohun tó ń ha á: róòlà tó ní ìdọ̀tí, irin tó ṣẹ́ létí, tàbí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tí wọ́n ń wọ́ báàgì lórí rẹ̀ dípò kí wọ́n gbé e.

Jíjò tó pọ̀ jù, ìgbà tí iná bá ṣẹ́jú ló ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n mú iná lọ, irin tutù. Jẹnẹrétọ̀ gbà á, ẹ̀rọ ń lọ, irin kò sì tíì gbóná dé ibi tó yẹ. Ẹ̀rọ tó ń ṣe 2,000 ọ̀rá ní wákàtí kan á ti ṣe bí 33 ní ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú mẹ́ta pere, ọgọ́rùn-ún ọ̀rá tí kò lẹ̀ dáadáa ti jáde. Ogún nínú báàgì kan, báàgì márùn-ún nìyẹn. Gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́nu ẹ̀rọ ló mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n já àwọn ọgọ́rùn-ún yẹn dànù. Wọn kì í já wọn, torí pé ọ̀rá tó bá bàjẹ́ ni wọ́n ń yọ lára owó wọn lópin oṣù. Ẹni tó bá ṣe òótọ́ ló ń pàdánù. Bí a bá lè gbé ohun kan kúrò nínú iṣẹ́ yìí lónìí, owó yíyọ yẹn là bá gbé kúrò. Ẹ kà á sí ìnáwó iná, bí ẹ ṣe ń ka owó dísẹ́ẹ̀lì.

Ọ̀rá fúnra rẹ̀ tún wà ńbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá rí ọlọ́rá tuntun tó dín owó kù, wọ́n á ra tọ̀ọ́nù kan lọ́wọ́ rẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ wa. Bí ti tẹ́lẹ̀ bá fi máíkírónì 5 nípọn ju ti tuntun lọ, ooru tó ń lẹ ti tẹ́lẹ̀ dáadáa á jó tuntun. Bí a bá dín ooru kù, róòlù kejì tó tún nípọn kò ní lẹ̀. Òṣìṣẹ́ á máa yí nọ́ńbà ooru sókè sódò títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ohun èlò tí a fi ń wọn nínípọn kò wọ́n, ojú mẹ́ta lára róòlù kọ̀ọ̀kan, etí méjèèjì àti àárín, tó. Kí wọ́n wọ̀n ọ́n lórí ọkọ̀, kí wọ́n tó já a.

Ọ̀nà tí a fi ń dán jíjò wò kò le. Ọ̀rá mẹ́wàá ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, lórí ìwé gbígbẹ, pákó pẹlẹbẹ lórí wọn, òkúta kílò 20 lórí pákó fún ìṣẹ́jú kan. Ìwé ló máa sọ. Ọ̀rá mẹ́wàá yìí kan náà la lè gbé sórí ìwọ̀n, torí 50cl tí wọ́n kọ síta gbọ́dọ̀ jẹ́ gíráàmù 500 omi, yàtọ̀ sí ọ̀rá. Bí ẹ̀rọ bá jẹ́ èyí tó ń fi àkókò bu omi, bí táǹkì òkè ṣe ń gbẹ, bẹ́ẹ̀ ni omi ń rọra sàn, tí iye tó ń wọ ọ̀rá sì ń dín kù. Àárọ̀ á pé, ìrọ̀lẹ́ á dín.

Ìwé àkọsílẹ̀ wá ńkọ́? Bí ẹ bá ṣí ojúewé kan, ẹ lè rí 7.0, 7.0, 7.0 láti aago méje òwúrọ̀ dé aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, bírò kan náà, ọwọ́ kan náà, ìlà rẹ̀ tò gbọnrangandan. pH kì í rí bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan ló jókòó ní ìrọ̀lẹ́ tó kọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kí a tó bínú sí i, ẹ jẹ́ ká wo ohun tí wọ́n ní kó ṣe: kó ṣọ́ ẹ̀rọ, kó gbé róòlù, kó di báàgì, kó sì kọ nǹkan mẹ́rìnlá sílẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ohun èlò tí yóò fi wọ̀n ọ́n wà nínú yàrá tí wọ́n tì pa lókè. Bó bá tún kọ nọ́ńbà tí kò dára, òun ni wọ́n á kọ́kọ́ bá wí. Tiwa ni pé kí wọ́n dín mẹ́rìnlá náà kù sí mẹ́rin tó ń sọ nǹkan gidi: kílórììnì inú táǹkì, rírú omi, ooru irin, ìwọ̀n ọ̀rá. Kí ohun èlò náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Èyí tó ń wọn pH, kí wọ́n fi omi ìdánwò tí pH wọn jẹ́ 4 àti 7 tò ó láràárọ̀, kí orí rẹ̀ má sì gbẹ, torí èyí tó ti gbẹ á ṣì máa fún yín ní nọ́ńbà, irọ́ ni nọ́ńbà náà á máa jẹ́.

Ìyẹ̀wò kòkòrò ló ń kó wa láàárẹ̀ jù. A óò sẹ́ 100 mílílítà omi gba orí àsẹ́ tín-ín-rín, a óò gbé àsẹ́ náà lé oúnjẹ kòkòrò, a óò fi sínú àpótí tó gbọ́dọ̀ wà ní ooru 37°C fún wákàtí 24. Ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ẹni tó ń ṣọ́ jẹnẹrétọ̀ á pa á, á sì lọ sílé. Àpótí á tutù mọ́jú. Bó bá di ọjọ́ kejì, kò sí ohun tó hù, wọ́n á kọ "0" sínú ìwé. Òdo tí òtútù fún wa nìyẹn. Bátìrì àti ínfátà kékeré tí yóò máa gbé àpótí yẹn nìkan kò pọ̀ jù fún iléeṣẹ́ tó ń gbé ọkọ̀ méjì jáde lójúmọ́.

Kódà bí iná kò bá lọ, wákàtí 24 náà wà. Omi tí a yẹ̀ wò láàárọ̀ Mọ́ńdè, àárọ̀ Túsìdeè la máa mọ bó ṣe rí. Bí wọ́n bá ti kó o lọ sí Kútọ̀ àti Pánṣẹ́kẹ́ ní Mọ́ńdè, a ń yẹ ohun tí àwọn èèyàn ti mu wò ni. A gbà pé dídá ọjà dúró lọ́jọ́ kan ń náni lówó. Iléeṣẹ́ tó bá ń ṣe 800 báàgì lójúmọ́ ní láti ní àyè fún 800 báàgì lábẹ́ òrùlé, lórí pákó, kì í ṣe lórí ilẹ̀. Nígbà tí ooru bá mú tí ọjà bá yá, ó ṣòro. Síbẹ̀, ẹni tí kò bá lè dá gbogbo rẹ̀ dúró, kó kọ ibi tí báàgì oníkálukú lọ sílẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀, kó lè pè wọ́n padà bí èsì bá burú. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ kò lè sọ ibi tí omi àná wà.

Bí ẹ̀sùn bá wá dé, wọ́n á gbé fọ́ọ̀mù fún wa, ká kọ ohun tó fà á. Èsì tí wọ́n fẹ́ ni "àìfarabalẹ̀ òṣìṣẹ́". Wọ́n á dá ẹnìkan dúró, ọ̀rọ̀ á parí, títí di ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹ gbé ẹ̀sùn jíjò tó máa ń wá láti inú ọjà ọjọ́ Mọ́ńdè yẹ̀ wò. Kí ló dé tó jò? Irin tutù. Kí ló dé tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ nígbà tí irin ṣì tutù? Aago méje ni wọ́n dé, aago méje náà ni kíka báàgì bẹ̀rẹ̀. Kí ló dé tí kò sí àyè fún irin láti gbóná? Ẹni tó gbé iye báàgì ọjọ́ kalẹ̀ kò fi ìṣẹ́jú kankan sílẹ̀ fún un. Ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ, ó ti dé ọ́fíìsì, ibẹ̀ ni wọn kì í sì í fẹ́ ká tọ̀ ọ́ dé.

Nítorí náà, a ń bẹ àwọn tó ni iléeṣẹ́ omi ní Abẹ́òkúta, ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, ẹ kọ ìwé ojúewé kan, ẹ fọwọ́ sí i, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Kí ó wà níbẹ̀ pé bí kílórììnì bá tán nínú táǹkì, bí iná UV bá kú, bí ọ̀rá méjì nínú mẹ́wàá bá jò, QC lè pa ẹ̀rọ láìdúró de àṣẹ ẹnikẹ́ni, kò sì sí ẹni tó lè tàn án padà láìjẹ́ pé òun náà fọwọ́ sí ìwé. Kí QC máa jábọ̀ fún ẹ̀yin fúnra yín. Ní báyìí, ọ̀gá tó ń ka báàgì, tí wọ́n ń fi iye báàgì ṣírò owó àjẹmọ́nú rẹ̀, ni ọ̀gá QC ní ibi púpọ̀. Kò sí bí ẹni yẹn ṣe lè gbà kí ẹ̀rọ dúró nírọ̀rùn, a kò sì bá a wí. Nọ́ńbà NAFDAC tó wà lára ọ̀rá yín ń sọ pé wọ́n ti yẹ iléeṣẹ́ àti ọjà yín wò kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Kò lè sọ bí omi ti àárọ̀ yìí ṣe rí. Ẹni tó wà ní iléeṣẹ́ láàárọ̀ yìí ló lè sọ ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rà á, ẹ bá wa ṣe é. Bí omi bá ní òórùn, tàbí tí nǹkan wà nínú rẹ̀, ẹ má kàn jù ú nù kẹ́ ẹ sì gba òmíràn. Ẹ wo ara ọ̀rá fún nọ́ńbà báàṣì àti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ibi tí ẹ ti rà á, kí ẹ sì sọ bóyá inú oòrùn ni wọ́n gbé e sí, torí omi tó bá ti jókòó sínú oòrùn lójú títì fún ọjọ́ mẹ́ta lè máa rùn láìjẹ́ ẹ̀bi ẹ̀rọ. Ọ̀rá tí ẹ ti já kò lè ràn wá lọ́wọ́ fún kòkòrò. Ẹ mú méjì tí ẹ kò tíì já látinú báàgì kan náà, ẹ tọ́jú wọn síbi tútù tí oòrùn kò dé, kí ẹ sì fi rán ẹni tó tà á fún yín sí iléeṣẹ́ lọ́jọ́ náà tàbí ọjọ́ kejì. Bí méjì yẹn bá dé ọwọ́ wa, a óò mọ ibi tí a máa kọ́kọ́ wò.

Àwa ni,
Àwọn òṣìṣẹ́ QC iléeṣẹ́ omi kan,
Abẹ́òkúta, Ìpínlẹ̀ Ògùn.